Èsì: Ìwé ẹ̀rí olùdíje wa ní Ṣàgámù

Fọ́ọ̀mù EC9, ìyẹn èyí tí olùdíje fi kọ àlàyé nípa ara rẹ̀ fún INEC, ni kí ẹ wò, ẹ fi pátákó ìpolongo sílẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìwé ẹ̀rí tí olùdíje náà ń gbé kiri. Inú fọ́ọ̀mù yẹn ló ti búra ní kọ́ọ̀tù pé òun ò purọ́.

Lábẹ́ Òfin Ìdìbò 2022 (èyí tí ti 2026 ti rọ́pò báyìí), INEC ní láti lẹ̀ ẹ́ síta ní agbègbè ìdìbò yín láàárín ọjọ́ 7 tó bá dé ọwọ́ wọn. Bó bá ti kúrò lára ògiri, ẹ kọ̀wé béèrè ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ san owó rẹ̀. Ọjọ́ 14 lòfin fún wọn láti kó o fún yín.

Orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wéra, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: ti fọ́ọ̀mù, ti ìwé ẹ̀rí, ti ìwé ọjọ́ orí. Bó bá yàtọ̀, ẹ wá ìwé ìbúra ìyípadà orúkọ. Tí kò bá sí ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. (Bó bá jẹ́ obìnrin, orúkọ ọkọ lè fà á o, ẹ má tíì pariwo olè.) Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ọdún tó jáde ilé ìwé mọ́ ọdún tí wọ́n bí i.

Àmọ́ tó bá di ẹjọ́, ẹni tó bá a du tíkẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni òfin 2022 fún láyè láti pè é, ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, láàárín ọjọ́ 14. Abẹ́òkúta nìyẹn fún yín. Bí ẹ ò bá sí lára wọn, ẹ tètè gbé ẹ̀dà náà fún ẹni tó wà níbẹ̀.