Báwo ni mo ṣe lè gba ìtàn Bàbá àgbà tó lọ sógun sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Iléṣà ni mo ń gbé. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ṣọ́jà tó ja ogun Ojukwu. Mo fẹ́ fi fóònù gba ìtàn wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti béèrè báyìí, "Ogun ò dáa" ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á dákẹ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìbéèrè yín ló tóbi jù, Bàbá ò mọ ibi tí wọn ó ti mú un. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ogun. Ẹ bi wọ́n níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọṣẹ́ ṣọ́jà, ẹni tí wọ́n jọ lọ, ohun tí ìyá wọn sọ nígbà tó gbọ́, irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní bárékè. Ẹni tó bá ti ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ àti bàtà yóò rìn dé ojú ogun fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi ọdún dà wọ́n láàmú. Lóòótọ́, Oṣù Keje 1967 logun náà bẹ̀rẹ̀, Oṣù Kìn-ín-ní 1970 ló sì parí, ṣùgbọ́n díẹ̀ làwọn àgbà tó ń fi nọ́ńbà rántí ayé wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ni kẹ́ ẹ fi wá a. Ṣé wẹ́tíẹ̀, rògbòdìyàn òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà, ti kọjá kí wọ́n tó wọṣẹ́? Bó bá jẹ́ Third Marine Commando, ẹ̀ka kan nínú àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n wà, ta lọ̀gá wọn? Bí wọ́n bá ní Adékúnlé ni, ìtàn yẹn ti ṣáájú àárín 1969, torí Oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Ọbásanjọ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà? Oṣù Kẹrin 1972 la kúrò níbẹ̀. Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná, àbí náírà tó dé ní Oṣù Kìn-ín-ní 1973? Mo fẹ́ràn irú ìbéèrè wọ̀nyí gan-an, torí bí Bàbá bá ṣe ń wá ìdáhùn wọn ni ìtàn mìíràn á máa yọ jáde.

Bí fọ́tò tí wọ́n fi aṣọ ṣọ́jà yà bá wà, ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ìjẹ̀ṣà ni kí wọ́n fi sọ ọ́, ẹ má tún un ṣe fún wọn.

Òwúrọ̀ ló dára jù, kí oòrùn tó mú, kí ará ilé má sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ pa fáànù, ẹ fi fóònù sí airplane mode kí ìpè má baà dá ọ̀rọ̀ dúró, ẹ gbé e sórí aṣọ nítòsí ẹnu wọn. Kí Bàbá kọ́kọ́ fẹnu ara wọn sọ pé àwọn gbà kẹ́ ẹ gba ohùn àwọn sílẹ̀. Wákàtí kan ti tó lójúmọ́.

Bí ohùn wọn bá yí padà, tàbí tọ́wọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹ dá gbígba ohùn dúró, ẹ má tì wọ́n láti parí ìtàn náà. Ẹ jókòó tì wọ́n títí ara wọn á fi balẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyí pààyàn lójú ogun, wọn ò sọ fún ìyàwó wọn rí. Nítorí náà, ẹ má ju ohùn náà sí WhatsApp ẹbí láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ọ, kí wọ́n sì sọ ibi tí wọn ò fẹ́ kí àwọn mìíràn gbọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe, ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí tó ń gbé ìlú mìíràn, kí orúkọ Bàbá àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.