Mo pín iṣẹ́ dọ́gba nínú MPI, kí ló dé tí àwọn process kan ṣì ń pẹ́?

Ìbéèrè: Nínú MPI, ìlànà tí àwọn process (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà) fi ń ránṣẹ́ síra wọn, mo pín ìlà àwòrán Mandelbrot (àwòrán ìṣirò tí a ń ṣírò àmì kọ̀ọ̀kan rẹ̀ lọ́tọ̀) dọ́gba fún process 8, síbẹ̀ méjì ló máa ń kẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Iye ìlà dọ́gba lóòótọ́, iṣẹ́ inú wọn ni kò dọ́gba. Àmì (pixel) tó bá wà nínú Mandelbrot gan-an á yí lúùpù dé òpin, ká ní ìgbà 1000. Èyí tó jìnnà síta á ti jáde kíákíá. Process tí ìlà àárín bọ́ sí lọ́wọ́ ló ń jìyà, àwọn tó kù á jókòó lásán.

Má pín gbogbo rẹ̀ tán ṣáájú. Jẹ́ kí process 0 di ìlà mú, kí ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní díẹ̀, kí ó wá fi MPI_Recv (àṣẹ tó ń gba ìránṣẹ́) àti MPI_ANY_SOURCE (láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni) dúró: ẹni tó bá kọ́kọ́ dá èsì padà ni yóò gba òmíràn. Ìwọ̀n tí o ń fún wọn lẹ́ẹ̀kan ni kí o fara balẹ̀ wò. Tó bá kéré jù, ìfiránṣẹ́ á gba àkókò ju ìṣirò lọ. Tó bá pọ̀ jù, ẹnì kan á tún gba èyí tó wúwo nígbà tí iṣẹ́ ti ń tán. Èmi a máa fi èyí tó tóbi bẹ̀rẹ̀, màá sì máa dín in kù.

Tí process bá pọ̀ gan-an, process 0 fúnra rẹ̀ á di ìdènà. Ìgbà yẹn ni work stealing wúlò: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ á lọ mú nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn. Cilk, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà láti yunifásítì MIT, ń ṣe é láti àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n nínú MPI, ìwọ lo máa kọ ọ́.