Tó bá jẹ́ pé obìnrin ló ń darí ìlú, báwo ni nǹkan ṣe máa rí?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n á kàn yí i po ni, kóbìnrin máa pàṣẹ kọ́kùnrin máa dáná. Àwọn ibi tó sún mọ́ ọn ò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn Minangkabau ní Indonéṣíà, mùsùlùmí ni wọ́n, síbẹ̀ ọmọbìnrin ló ń jogún ilé àti ilẹ̀ ìdílé. Khasi ní Íńdíà náà, orúkọ ìdílé ìyá lọmọ ń jẹ́. Mosuo ní Ṣáínà lèmi fẹ́ràn jù: láyé àtijọ́ ọkùnrin á wá sùn lọ́dọ̀ obìnrin lálẹ́, tílẹ̀ bá mọ́ á padà sílé ìyá ẹ̀, ilé ìyá lọmọ dẹ̀ ń dàgbà sí, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá lọ́kùnrin ló ń bá a tọ́ ọ, torí náà tí ìfẹ́ bá tán kò sẹ́ni tó ń jà pé ta ló máa kó ọmọ lọ. Àmọ́ láàárín Khasi àti Minangkabau, ọkùnrin ṣì ló pọ̀ jù nínú òṣèlú. Tó bá jẹ́ ti agbára gan-an, ẹ wo àwọn Iroquois ní Amẹ́ríkà: àwọn ìyá àgbà ìdílé ló ń yan olóyè, àwọn náà ló dẹ̀ lè rọ̀ ọ́ lóyè.