Mo fẹ́ ṣe kámpù ọlidé fún àwọn ọmọdé nílé mi: kí ni mo gbójú fò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ọlọ́mọ méjì ni mí. Àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún 5, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 3. Nígbà ọlidé gígùn tó ń bọ̀ yìí, mo fẹ́ máa gba àwọn ọmọ mẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ wọn sílé mi láàárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn òbí kan tiẹ̀ ti forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀. Mo ti kọ àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí a máa ṣe, ó kún ojú ìwé mẹ́ta, síbẹ̀ ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé mo lè dá a ṣe? Báwo ni kí n ṣe ṣètò ọjọ́ náà?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí àwọn ọmọ tó dé. Ti iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ni ìṣòro yín. Ojú ìwé mẹ́ta ti pọ̀ ju ohun tí ọmọ ọdún 3 sí 6 lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Nínú iṣẹ́ jẹ́lé-ó-sinmi tí mò ń ṣe, ohun tí mo rí tó ń da irú ètò báyìí rú ni pé àgbà tó ń ṣọ́ wọn ò tó, tàbí pé wọ́n ṣètò ọjọ́ náà láìro ti ara ọmọdé.

Ẹ má dá a ṣe rárá. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ kan wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń ké pé kí ẹ wá nu ìdí òun. Bí ẹ ṣe ń lọ, ẹlòmíràn da omi ọ̀dà sílẹ̀, ẹnì kẹta sì ti di ìlẹ̀kùn ìta mú. Ta ló ń wò ó? Àgbà méjì ló gbọ́dọ̀ wà nílé láti ìgbà tí ọmọ àkọ́kọ́ bá wọlé títí tí èyí tó kẹ́yìn á fi lọ. Ẹni kejì náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dáná tàbí tó ń dá fóònù lóhùn. Tí àgbà bá jẹ́ méjì, ọmọ mẹ́jọ ni mo lè fọwọ́ sí, àwọn ọmọ yín méjèèjì sì wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà péré lẹ fi lè gbà láti ìta. Tó bá jẹ́ èmi ni, mẹ́rin ni màá fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ìtọ́jú ọmọdé ní àdúgbò yín. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, tí ọmọ ọlọ́mọ tí ẹ ń gbà sílé bá ti ju iye kan lọ, ẹ nílò ìwé àṣẹ. Wọ́n sì lè ní kí ẹ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì. Kódà tí òfin ò bá ní kí ẹ kọ́ ọ, ẹ kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé ilé onílé lẹ ń gbé, ẹ sọ fún un.

Ẹ wá kúnlẹ̀, kí ẹ sì lọ káàkiri ilé yín lórí eékún. Ohun tí ẹ kì í rí tí ẹ bá nàró ló máa wà níwájú yín: okùn kẹ́tùlù tó rọ̀ sílẹ̀, oògùn nínú báàgì àlejò, ohun ìfọlé lábẹ́ síǹkì. Ẹ wá àwọn bátìrì pẹlẹbẹ kéékèèké tó máa ń wà nínú rìmóòtù àti ohun ìṣeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì, ilé ìwòsàn lẹ sì gbọ́dọ̀ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ da omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì nù. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lè pa ọmọdé, ọmọ tó ń rì kì í sì í pariwo. Tí wọ́n bá máa ṣeré omi, kí àgbà kan má ṣe nǹkan mìíràn ju kó máa wò wọ́n lọ, kí ẹ sì da omi náà nù bí eré bá ṣe ń parí. Ní ti ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ètò yìí pátápátá.

Wákàtí mẹ́ta ti tó lójúmọ́, bíi aago 9 sí 12. Ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ẹ kó ohun ìṣeré sílẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá dé jókòó tì í, torí wọn ò ní í dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn kan á sì máa sunkún. Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn síta kí wọ́n sáré, kí wọ́n fò, kí oòrùn tó le. Tí wọ́n bá wọlé, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n jẹun. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ẹyọ kan péré. Ìtàn ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà kí wọ́n máa ṣeré tó wù wọ́n títí òbí á fi dé. Ẹ tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, àwọn ọmọ náà á ti mọ ohun tó kàn, ẹkún á sì dín kù.

Lórí iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún yín. Ẹ fún ọmọ ọdún 3 ní gọ́ọ̀mù àti bébà aláràbarà. Ó lè lẹ ẹyọ kan, kó wá máa tẹ ike gọ́ọ̀mù náà títí tí bébà á fi rin gbingbin. Ẹ fi í sílẹ̀. Bí gọ́ọ̀mù ṣe ń jáde ló ń kọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń le sí i. Ẹ má bá a tún un ṣe kó lè wu ìyá rẹ̀. Bó bá sì dìde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti parí nìyẹn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá kì í rò ni bó ṣe máa rí lára ọmọ tiwọn. Ilé rẹ̀ ni, ohun ìṣeré rẹ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì ni. Àbíkẹ́yìn yín, ọmọ ọdún 3 yẹn, á rí ọmọ ọlọ́mọ lórí itan yín, ẹkún tó máa sun lè ju ti gbogbo àlejò lọ. Ẹ bi àwọn méjèèjì pé èwo nínú ohun ìṣeré wọn ni wọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn, kí ẹ kó o sí yàrá yín, kó má sì jáde títí kámpù á fi tán. Ẹ má fi ipá mú wọn láti yá ẹnikẹ́ni. Tí àwọn àlejò bá ti lọ, kí iṣẹ́ ilé dúró díẹ̀, kí àwọn ọmọ yín rí yín bá jókòó.

Tí òbí bá mú ọmọ wá, kó dágbére fún un, kó má yọ́ lọ. Ọmọ tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ìyá rẹ̀ mọ́ kò ní í fọkàn tán yín lọ́jọ́ kejì. Kí ìdágbére náà má gùn, kí ẹ̀yin sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbà á. Bó bá ti tó ìdajì wákàtí tí kò dákẹ́, ẹ pe òbí rẹ̀.

Kí oúnjẹ máa wá láti ilé oníkálukú, kí wọ́n má pín in jẹ, torí oúnjẹ tí ara ọmọ kan ò gbà lè pa á. Kí òbí kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀pà odindi, gúgúrú àti súìtì líle ò gbọdọ̀ wọlé, wọ́n máa ń há ọmọdé lọ́fun. Èso àjàrà ńkọ́? Ẹ là á sí mẹ́rin ní gígùn rẹ̀. Ìjókòó ni kí wọ́n ti jẹun.

Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C kò gbọdọ̀ wá. Èyí tó bì tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru gbọ́dọ̀ lo wákàtí 48 nílé lẹ́yìn tó ti dáwọ́ dúró. Ẹ gba orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ mú un lọ, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ẹ gba gbogbo owó kí ọjọ́ àkọ́kọ́ tó pé, kí owó ẹni tó ń ràn yín lọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ máa dá a padà tí ọmọ ò bá wá.

Ní Sátidé tó ṣáájú, ẹ pe gbogbo wọn wá pẹ̀lú òbí wọn fún wákàtí kan. Ẹ fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ han ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo ẹni tó ń sá lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ wo ẹni tó ń lu ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ̀yin àti àgbà kejì ò bá lè ka iye wọn láìwá ẹnikẹ́ni kiri, ẹ dín wọn kù kó tó di ọjọ́ Ajé.