Èsì: Ibi tí ẹ lè dúró sí pẹ̀lú ọmọ níbi Durbar Ìlọrin

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ fẹ́ dúró sí ọ̀kánkán ààfin pẹ̀lú ọmọ yín níbi Durbar, ìyẹn ayẹyẹ tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń kí Ẹ́míà, ọba Ìlọrin. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kí ẹ dúró sí, lẹ́yìn ìdènà, ẹ fi ọ̀kánkán ààfin tí ẹ ń fojú sí yẹn sílẹ̀. Ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́ṣin máa ń sáré tete wá kí Ẹ́míà, tí wọ́n á wá fa ìjánu lójijì. Bí ẹṣin kan bá yọ̀ tàbí tó kọ̀ tí kò dúró, àárín èrò ló máa já sí.

Bí kò bá sí ìdènà, ẹ fi tó mítà 3 sí àárín ẹ̀yin àti ẹṣin tó dúró, ẹ má sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá láéláé. Ojú rẹ̀ kò ká ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ gan-an, nítorí náà bó bá gbọ́ ìró lójijì níbẹ̀, á tàpá. Etí ni kí ẹ máa wò. Bó bá ti dà á sẹ́yìn mọ́ orí, tó tún ń ju ìrù fìrìfìrì, ẹ tètè gbé ọmọ kúrò.

Agboòrùn tí èèyàn ṣí gbà lójijì máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin. Fìlà ni kí ẹ dé fọ́mọ. Ẹ mú ìbòmú dání, eruku ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.