Èsì: Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú

Ẹ ní ṣé ilé-ìwé ìjọba ní Texas lè kọ ọmọ Mẹ́síkò tí òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú. Rárá o. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé òfin Texas ti 1975 tó gba àwọn ilé-ìwé láyè láti kọ ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, ní 1982, nínú ẹjọ́ Plyler àti Doe. Ṣáájú ẹjọ́ náà, àwọn ilé-ìwé ìjọba ìlú Tyler ní Texas ti béèrè $1,000 lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan lọ́dún!

Láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ̀rí àdírẹ́sì, ọjọ́ orí àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí ẹ mú lọ. Bí akọ̀wé bá béèrè nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń fúnni), kò pọn dandan. Ilé-ìwé á fún ọmọ ní nọ́ńbà mìíràn. Lórí fọ́ọ̀mù èdè ilé, níbi tí wọ́n ti ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé, bí ẹ bá ń sọ Spanish, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi ìbẹ̀rù kọ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í dán ọmọ rẹ̀ wò fún ìrànlọ́wọ́ èdè.