Kí ló fà á tí ohùn àwo orin mi fi lọ sílẹ̀, tí kò sì ní báàsì, bí mo tilẹ̀ yí fọ́lúùmù dé òpin?

Ó ṣeé ṣe jù lọ pé kò sí phono preamp (ẹ̀rọ kékeré tó ń gbé ohùn tó ń ti ibi abẹ́rẹ́ wá sókè) láàárín ẹ̀rọ tó ń yí àwo àti amplifier yín. Iná tó ń jáde láti ibi abẹ́rẹ́ kéré púpọ̀: nǹkan bíi mílífóòtì 3 sí 5 ni fún kátíríìjì (ibi tí abẹ́rẹ́ wà) irú MM, ìyẹn moving magnet, tó wọ́pọ̀.

Gbígbé ohùn sókè nìkan kọ́ ni iṣẹ́ preamp. Nígbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ àwo, wọ́n máa ń dín báàsì kù kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má baà fẹ̀ jù, wọ́n á sì fi kún ohùn òkè. Ìlànà RIAA (ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ agbóhùnsílẹ̀ Amẹ́ríkà) tí wọ́n fẹnu kò sí ní Amẹ́ríkà ní 1954 nìyẹn. Preamp ló ń dá báàsì náà padà. Fọ́lúùmù lásán kò lè ṣe é.

Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó náwó. Bí amplifier bá ní ihò PHONO, ibẹ̀ ni kí ẹ ki wáyà bọ̀. Bí ẹ̀rọ àwo bá ní bọ́tìnì PHONO/LINE, ẹ tì í sí LINE, kí ẹ sì ki wáyà bọ ihò AUX lára amplifier. Ẹ má ti bọ́tìnì sí LINE kí ẹ tún ki wáyà bọ ihò PHONO, ohùn á fọ́.

Kátíríìjì MC (moving coil) yàtọ̀: tirẹ̀ sábà máa ń kéré sí mílífóòtì 1, ó sì nílò preamp tó gba MC.